Káfíńtà Tó Ń Bá Ilẹ̀kùn Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ tí Àkọ́bí kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin náà, ilẹ̀kùn ni ọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró dè dókítà ojú. Ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó sì wà ní èjìká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀, ilẹ̀kùn náà han gooro. Ó tì í padà, ó tún han. Ó wá gbé etí lé e bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún, ó mi orí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ó sọ fún ilẹ̀kùn náà. “Ta ló ṣe yín báyìí?”

Àwọn mọ́kànlá ló wà lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, ojú ń ro ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ebi sì ń pa wọ́n. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ariwo ẹ̀rín yìí ló gbé Àkọ́bí jáde. Iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni láti yẹ ojú wò, kó sọ irú awò tó bá oníkálukú mu. Òun ni àgbà nínú ọmọ mẹ́ta tí ìyá wọn kú fi sílẹ̀, Àkọ́bí sì ni gbogbo ilé ń pè é títí orúkọ náà fi bá a dé ibi iṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Kò lè rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn rí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ó ní, “ṣé ilẹ̀kùn lẹ wá yẹ̀ wò ni àbí ojú?”

“Ojú ni mo bá wá, mà. Àmọ́ mo rí i pé ara ẹni yìí ò yá tó tèmi. Ẹ jẹ́ kó wọlé ṣáájú mi.”

Àkọ́bí kò rẹ́rìn-ín. Ó pe nọ́ńbà tó kàn, ó wọlé.

Nígbà tó kan ọkùnrin náà, ó jókòó sórí àga gíga, ó sì ka lẹ́tà ara ògiri láti òkè délẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan, títí kan orúkọ ẹni tó tẹ bébà náà, èyí tí kò tóbi ju èèrà lọ nísàlẹ̀. Àkọ́bí wá fún un ní káàdì kékeré tí a ń kà lọ́wọ́. Ó mú un súnmọ́ ojú. Ó mú un jìnnà. Ó na apá rẹ̀ tán pátápátá.

“Ojú mi ò ṣe nǹkan kan, mà. Apá mi ló kúrú.”

“Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, sà.”

Ó tún ọ̀fun ṣe. “‘Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ má bínú o, ewúrẹ́ yín ti kú. Kì í ṣe ẹjọ́ mi, sìmẹ́ńtì ló jẹ.’”

“Kò sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀, sà.”

“Ẹ wò ó dáadáa, mà. Ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì ló wà.”

Àkọ́bí ní òun fẹ́ lọ mú nǹkan wá. Ó wọ inú yàrá kótópó tí wọ́n ń kó díńgí awò sí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó tún fajú ro bíi ti tẹ́lẹ̀, ó jáde.

Ó bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Eré ti kúrò lójú rẹ̀.

“Káfíńtà ni mí, mà,” ó ní. “Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń gé igi. Mi ò gé ilẹ̀kùn kúrú rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé méjì. Ẹ má tàn mí o. Ṣé ojú mi ń lọ ni?”

Àṣé ẹ̀rù ń ba ọkùnrin yìí. Àkọ́bí ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa òun lẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é bákan.

“Ojú yín ò lọ síbì kankan, sà. Ogójì ọdún ló wá kí yín. Bó ṣe ń kí gbogbo ayé nìyẹn. Awò ìkàwé lásán lẹ nílò.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Eré náà padà sójú rẹ̀, bí ìgbà tí iná bá dé.

“Bó bá tún wá,” ó ní, “ẹ sọ fún un pé mi ò sí nílé.”

*

Ó wá gba awò rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ajé ó tún dé pẹ̀lú ìgò òróró àti irinṣẹ́ díẹ̀, ó ní aláìsàn òun lòun wá bẹ̀ wò. Ó tún ilẹ̀kùn náà ṣe láìgba kọ́bọ̀, ó ń bi í léèrè bóyá ó ń dùn ún. Lọ́jọ́bọ̀ ó dé pé ojú fèrèsé kan ń wo òun ní ìwòkuwò. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kò sí igi kankan nílé ìwòsàn náà tó tún lè ṣàìsàn mọ́, ló bá kúkú ń dúró de Àkọ́bí níta nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí àwọn méjèèjì á jọ rìn dé ibùdókọ̀.

Bí èèyàn bá bi Àkọ́bí nígbà náà bóyá ìfẹ́ ni, ì bá ní ọ̀nà ló papọ̀.

Ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré kan. Wọ́n á wo àwọn tó ń kọjá, wọ́n á sọ ẹni tí ojú ń dùn àmọ́ tí kò fẹ́ kí ayé mọ̀. “Bàbá tó gbé ìwé ìròyìn yẹn,” Káfíńtà á wí, “wò ó bó ṣe ń ka àwòrán.” Lákọ̀ọ́kọ́, Àkọ́bí á kàn sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́ sí obìnrin kan tó ń kí ọkùnrin kan tayọ̀tayọ̀ lódìkejì títì, ó ní, “Obìnrin yẹn rò pé àbúrò ọkọ òun nìyẹn. Kò mọ̀ ọ́n rí. Ọkùnrin náà ti gbà pé òun ni nítorí kò fẹ́ dójú tì í. Wọn á jọ jẹun lónìí, á bá wọn sin òkú, á di mọ̀lẹ́bí.”

Káfíńtà dúró lójú ọ̀nà, ó wò ó. “Ibo lo ti ń gbé èyí pamọ́ sí látọjọ́ yìí?”

Ìbéèrè náà rú Àkọ́bí lójú, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá wọn kú. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá wọn, ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ilé rẹ̀ sì dákẹ́ bíi kóòtù tí adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọn kì í sáré níbẹ̀. Wọn kì í pariwo. Àwọn ọmọ mọ ìró bàtà bàbá wọn bí àgbẹ̀ ṣe ń mọ ìró òjò, bó bá sì ti ń bọ̀, oníkálukú á wá ìwé kà. Àwọn àbúrò ti lọ sílé ọkọ àti sí ìlú mìíràn. Àkọ́bí ló kù, tó ń se tíì bàbá rẹ̀ láàárọ̀, tó sì ń bá a gbọ́ ìròyìn nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Òórùn igi tútù àti gọ́ọ̀mù gba ibẹ̀ kan. Ilẹ̀kùn ńlá kan fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbẹ́ ẹyẹ méje sí i lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ti gbà, ẹni tó ni ín sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Káfíńtà jáde lọ wá tíì. Nígbà tí Àkọ́bí gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bọ̀, nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn, nǹkan tí kò ṣe láti kékeré. Ó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn ńlá náà kó lè dẹ́rù bà á. Bó ṣe ń fún ara rẹ̀ pọ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀kùn yẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó wó lu etí tábìlì iṣẹ́, ó sì là gbàrà láti òkè dé ìdajì.

Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife méjì. Kò sọ̀rọ̀.

Àkọ́bí mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Inú rẹ̀ ló ti dàgbà. Ó rí i tí iṣan ọrùn ọkùnrin náà le, ó rí i tó gbé ife méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ jù, ó sì ń retí ohun tó kàn. Ohun tó kàn ni pé Káfíńtà yí padà, ó jáde síta. Àkọ́bí rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ojú fèrèsé: ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ògiri, ó doríkodò. Àkọ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka àádọ́ta kí ọkùnrin náà tó wọlé padà.

“Mo bínú,” ó ní. “Mo bínú gan-an ni. Mo ti lọ gbé ìbínú náà síta.”

“Ibo lẹ gbé e sí?”

“Ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bó o bá ń lọ, rọra o, kó o má fẹsẹ̀ kọ ọ́.” Ó kúnlẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà, ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó fọwọ́ tọ ojú ibi tó là. “Ẹyẹ mẹ́fà yè é. Ọ̀kan ni ìyẹ́ rẹ̀ kán. Kí ló gbé ẹ dé ẹ̀yìn rẹ̀ ná?”

“Mo fẹ́ dẹ́rù bà yín ni.”

Káfíńtà gbójú sókè, ó wò ó pẹ́. “Ó bà mí,” ó ní.

Ìgbà náà ni ẹkún gbọ̀n Àkọ́bí, ẹkún àti ẹ̀rín pọ̀, kò mọ èyí tó ṣáájú. “O ò pariwo mọ́ mi,” ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pe ọkùnrin náà ní ẹ̀yin.

“Ṣé ariwo máa bá wa lẹ̀ ẹ́ ni?”

Wọ́n bẹ ẹni tó ni ilẹ̀kùn pé kó fún wọn ní àyè díẹ̀ sí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta ni Àkọ́bí fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, tó ń fi sáńpépà fá ẹyẹ.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni Káfíńtà wá rí Bàbá lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó wọ kóòtù, ó dá irun, ẹ̀rù sì bà á bí ẹni tó wá jẹ́jọ́. Àǹtí, àbúrò ìyá Àkọ́bí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òun ló bá wọn tọ́ àwọn ọmọ náà.

Bàbá ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó bi í ní iṣẹ́ rẹ̀, Káfíńtà dáhùn. Ó bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀.

“Ọdún méjìlélógójì, sà.”

“Kí ló dé tí o ò tíì láya?”

Bí ẹ̀rù bá ti ba Káfíńtà, ibi tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ ló máa ń sá lọ. “Mo ní kí n kọ́kọ́ kan àga tí ìyàwó máa jókòó sí, sà. Ẹsẹ̀ kan ló ṣì kù tí kò dọ́gba.”

Àǹtí bo ẹnu. Bàbá ò mira.

“Ìbéèrè ni mo bi ọ́.”

“Ẹ má bínú, sà,” Káfíńtà ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Mi ò tíì rí ẹni tí mo lè bá ṣeré tí kò ní fojú ọmọdé wò mí. Àyàfi báyìí.”

“Ẹ̀rín ò gbélé ró,” Bàbá wí, ó sì dìde. “O ṣeun tó o wá.”

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀. “Ọkùnrin tó ti lé lógójì tó ń ṣe bí ọmọ ilé-ìwé. Ọjọ́ tí nǹkan bá le, ẹ̀rín náà ni yóò máa rín. Mi ò fún un lọ́mọ.”

Àkọ́bí gbé ìbínú náà lọ sí ibi tí kò yẹ. Ó lọ bá Káfíńtà, ó ní, “Ṣé o ò wá lè dákẹ́ fún wákàtí kan ṣoṣo ni?”

Káfíńtà kò jà. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wọ ìwà àgbà kiri bí ẹni wọ aṣọ ẹlòmíì. Ó ń béèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ. Ó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Wọ́n á rìn dé ibùdókọ̀, àwọn tí ojú ń dùn á máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ nǹkan kan nípa wọn.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní, “Mo lè ṣe é, o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá títí ayé ni.”

Àkọ́bí ní kí wọ́n sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà ná. Káfíńtà mi orí, ó ní ó dáa, ó sì kọjá sódìkejì títì. Oṣù méjì wọn ò ríra.

*

Láàárín oṣù méjì yẹn ni Àǹtí mú ọkùnrin mìíràn wá pé kó fẹ́ Àkọ́bí, Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọmọlúàbí ni. Bó bá dá aago mẹ́rin, aago mẹ́rin ló máa dé. Kì í fọ́nnu. Bàbá bá a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko nípa páìpù, inú rẹ̀ sì dùn.

Lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n pàdé, Àkọ́bí àti Àǹtí ló lọ kí i nílé. Pálọ̀ náà mọ́ tónítóní, gbogbo àga kọjú síra wọn bí ọmọ ogun. Àǹtí jáde lọ dáhùn fóònù. Ẹnjiníà ń kọ àdírẹ́sì kan fún Àkọ́bí, ló bá gbé bíírò sílẹ̀ kó lè wo fóònù tirẹ̀. Àkọ́bí wá ṣe ohun tí kò tíì lè ṣàlàyé títí dòní: ó mú bíírò náà, ó fi pamọ́ sẹ́yìn, ó sì na ìkúùkù méjèèjì síwájú.

“Ọwọ́ wo ló wà?”

Ẹnjiníà wò ó. “Mú bíírò mi wá.”

“Mú ọwọ́ kan ná.”

Ẹnjiníà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣí ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí agolo, ó yọ bíírò náà, ó sì ń bá àdírẹ́sì rẹ̀ lọ.

“Mi ò fẹ́ràn eré,” ó ní, bí ẹni tó sọ pé òun kì í mu ṣúgà.

Kò fi agbára púpọ̀ mú un. Kò tilẹ̀ bínú. Àkọ́bí wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kò sí àpá kankan níbẹ̀. Àmọ́ ó jókòó síbẹ̀, ó ń ro bí ogójì ọdún nínú ilé yìí ṣe máa rí.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Àǹtí. Ó rò pé Àǹtí máa bá òun wí. Àǹtí kàn dojú kọ fèrèsé.

“Bàbá rẹ ló kọ́ ẹ ní eré yẹn,” ó ní níkẹyìn.

“Bàbá wo?”

“Bàbá mélòó lo ní? Súìtì ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó máa ń gbé bàsíà dé orí, á ní adájọ́ lòun, á máa sùn lẹ́nu ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín títí á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ọkùnrin mẹ́ta mìíràn ló ń wá ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, gbogbo wọn ló lówó jù ú lọ. Mo bi í léèrè ìdí tó fi mú akọ̀wé. Ó ní, ‘Tí a bá jọ ń ṣeré, ẹ̀rù kì í bà mí.’”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i, Àǹtí?”

“Lọ bi í. Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n nìyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í.”

*

Àkọ́bí bá bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi búrọ́ṣì nu bàtà. Ó jókòó sórí àpótí tó kọjú sí i, ó sì bi í tààrà.

Bàbá ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó nu bàtà ọ̀tún tán, ó mú ti òsì.

“Ó ní orí ń fọ́ òun,” ó wí. “Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kó fara balẹ̀, pé orí tó ní nǹkan nínú ló máa ń fọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé bàsíà dé orí, mo dájọ́ fún orí náà pé kó lọ sẹ́wọ̀n. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ dùbúlẹ̀.” Ó yí bàtà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Ọjọ́ Ẹtì la sin ín.”

Adìyẹ aládùúgbò kan ké lẹ́yìn ògiri. Àkọ́bí ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn fún ọdún mẹ́tàlá, ó mọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ èèyàn lẹ́kún. Kò lo ọ̀kankan nínú wọn.

“Bàbá, mi ò lè sọ pé kò ní kú, bí ẹ bá tilẹ̀ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀ ń pa ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì dókítà pàápàá. Mi ò sì lè sọ pé ì bá kú dandan. Mi ò mọ̀.”

“Èmi náà ò mọ̀,” Bàbá wí. Ó dà bíi pé èsì náà tù ú ju ìtùnú lọ. Ó fẹ́ eruku kúrò lára bàtà, ó ní, “Ọkùnrin rẹ yẹn. Kì í ṣe pé ó ń ṣeré ló ń dùn mí. Ṣé ó mọ ìgbà tí eré ń dúró?”

Àkọ́bí wá sọ ìtàn ilẹ̀kùn ẹlẹ́yẹ fún un. Ó sọ ọ́ láìbu nǹkan kan kù, títí kan ìdí tó fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ó jáde síta?” Bàbá bi í.

“Ó jáde, Bàbá.”

“Kò fọwọ́ kàn ọ́. Kò ṣépè.”

“Rárá. Nígbà tó padà wọlé, ó sọ fún mi pé òun bínú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ṣàwàdà.”

Bàbá fi bàtà méjèèjì ṣe ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó ní kó mú òun lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Káfíńtà ń wọn igi, awò wà nímú rẹ̀. Ó rí Àkọ́bí, ó rí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, téèpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá kí i, ó wo àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ó fọwọ́ tọ ẹ̀gbẹ́ tábìlì kan, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Bí ìyàwó rẹ bá sọ pé orí ń fọ́ òun, kí lo máa ṣe?”

Káfíńtà kò mọ ìtàn kankan. Ó wo Àkọ́bí, kò rí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Ó yọ awò rẹ̀.

“Màá gbé e lọ sílé ìwòsàn, sà.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Màá jókòó tì í.”

“Lẹ́yìn náà?”

“Màá máa pa á lẹ́rìn-ín, sà, bí agbára rẹ̀ bá gbé e. Bó bá jẹ́ pé ó máa yè, bó bá jẹ́ pé kò ní yè, mi ò mọ ohun mìíràn tí mo ní tó dára tó ìyẹn.”

Bàbá wá ibi jókòó. Àga kan wà nítòsí tí wọn kò tíì kùn lọ́dà, orí rẹ̀ ló jókòó sí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo ilẹ̀, ibi tí lẹ́búlẹ́bú pákó ti bo bàtà rẹ̀ tó dán.

“Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà,” ó wí, kò dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹnì kankan. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni.”

Káfíńtà, tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ, lọ gbé omi tútù wá fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

*

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ síwájú akọ̀wé ìgbéyàwó. Àárọ̀ ọjọ́bọ̀ ni. Yàrá náà kéré, fáànù ń yí, tọkọtaya mẹ́ta mìíràn ń dúró níta. Akọ̀wé náà sì jẹ́ obìnrin tí ojú rẹ̀ ò gba ẹ̀rín.

Ó bi Káfíńtà bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí. Káfíńtà ya ẹnu, ohùn ò jáde. Ó tún un yà. Omi kún ojú rẹ̀ lẹ́yìn awò. Ọkùnrin tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì dúró síwájú ìjọba, kò ní ẹyọ kan.

Fáànù yí. Akọ̀wé náà gbójú sókè. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í wo Bàbá.

Àkọ́bí súnmọ́ tábìlì, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

“Ẹ má bínú, mà. Ojú rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń gbìyànjú láti dá mi mọ̀ ni.” Ó yíjú sí ọkùnrin náà. “Sà, èmi ni. Èmi ni mo wà níwájú yín. Ẹni tó wà lápá òsì, fáìlì ni.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Káfíńtà, omijé ń bá a jáde. Lẹ́yìn wọn, ní orí àga tó wà létí fèrèsé, ẹ̀rín mìíràn bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ há bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ ní títì, ó wá ṣí. Àkọ́bí kò mọ ohùn náà. Ó ní láti wẹ̀yìn kó tó rí i pé bàbá òun ni.

“Mo gbà,” Káfíńtà wí. “Mo gbà, mà.”

Akọ̀wé náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì ní kí àwọn tó kàn wọlé.